Afìkakána àti Ẹ̀rọ Ayùn Tí O Fẹ́ Rà

Diobu, Port Harcourt,
1970.

Àjàní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Awakọ̀ tó mú un wá ti fi epo yí i lára, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo rẹ̀ kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Nígbà àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo pe Wobo, aládùúgbò mi, kó wá gbọ́ pé ọmọ mi ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, àti pé kọngilá tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ káàkiri àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìkirun ti gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé fún un. Nígbà kejì, mo ń wá ibi tí o ti béèrè irú ẹ̀rọ ayùn tó yẹ kí o rà. Ìgbà kẹta ni mo wá rí gbólóhùn kan tí ojú mi ti fò kọjá, ọkàn mi sì já.

O kọ ọ́ pé bàbá onílé yín kọjá nígbà tí o wà lórí ẹ̀rọ tí o yá, wọ́n ní “O kú iṣẹ́ o,” o sì tẹrí ba fún wọn láì dá iṣẹ́ dúró. O ní wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní lóòótọ́ ọmọ Afìkakána ni ọ́. O tún ní orúkọ ìnagijẹ mi yẹn ni o fẹ́ kọ sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ.

Ìdí tí lẹ́tà yìí yóò fi gùn nìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí, Àjàní. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, n kò rò pé n ó tún lè kọ irú rẹ̀. Wá ibì kan jókòó sí. N ó dáhùn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí o béèrè, n ó sì sọ ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, nítorí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bá ṣọ́ọ̀bù ná. Ìwọ náà mọ bí a ṣe fi ìlú yìí sílẹ̀ nígbà ogun, n kò fẹ́ tún un sọ. Nígbà tí mo padà dé, páànù orí òrùlé ti lọ, tábìlì iṣẹ́ mi ti lọ, ilẹ̀kùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn ti lọ. Ṣùgbọ́n Wobo ti ti ẹ̀rọ ayùn mi kékeré sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti lọ. “Oga, I keep am for you,” ló wí. “Na only the leg I no see. The leg don waka.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ mìíràn fún ẹ̀rọ náà. Òun ni mò ń gbé lọ sí Trans-Amadi báyìí, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ilé ìkẹ́rùsí ṣe. Nítorí náà, ọmọ mi, ẹni tó ń lo irú ẹ̀rọ tí o fẹ́ rà ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Èkínní, mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ wà kí o tó mọ ẹ̀rọ tó wù ọ́. O ní méjì ni wọ́n fi hàn ọ́: ọ̀kan kékeré tuntun tó ń lo iná mànàmáná, tí súwíìṣì rẹ̀ wà níwájú gan-an, àti ọ̀kan tó tóbi díẹ̀, àlòkù, tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróò. Tuntun yẹn wù ọ́. Ìlà mẹ́rin ni o fi ròyìn bó ṣe ń dán. Ṣùgbọ́n iná ta ni o fẹ́ lò láàárín oko? Ọdún tí a bí ọ, mo ra ẹ̀rọ kan nítorí ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀. N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó tà á, mo sáà ń fọwọ́ pa á lára. Nígbà tí mo gbé e délé, a kò ní iná tó lè gbé e. Odindi ọdún kan ni ìyá rẹ fi ń gbé ìkòkò omi lé e lórí, tí àlejò bá sì béèrè ohun tó jẹ́, yóò ní tábìlì ọkọ òun ni. Àlòkù yẹn ni kí o fojú sí.

Ní ti gbígbé, bí ènìyàn méjì bá lè gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ láì máa gbin, ó ṣe é gbé. Bó bá gba ẹni mẹ́rin, má dá a láṣà, nítorí ẹnì kan nínú wọn kò ní sí nílé lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kó kúrò ní abúlé kan lọ sí òmíràn.

Ìkejì, má fi ojú lásán rà á. Kí wọ́n tó tan án, fi ọwọ́ yí ayùn róbótó náà jẹ́ẹ́jẹ́, kí o sì tẹjú mọ́ etí rẹ̀. Bó bá ń jó sọ́tùn-ún sósì, ọ̀pá tó gbé e ti tẹ̀. Ẹni tó ń tà á yóò ní yóò tọ́ bó bá gbóná. Kò ní tọ́. Di ọ̀pá náà mú, kí o gbọ̀n ọ́n. Bó bá ń dún kò-kò-kò, bẹ́ríìnì tí ọ̀pá náà ń yí nínú rẹ̀ ti jẹ tán. Gbé irin tó tọ́ lé orí tábìlì rẹ̀, kí o bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ irin náà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín, tábìlì ti wọ́, kò sí ìgbà tí ilẹ̀kùn tí o bá gé lórí rẹ̀ yóò bá férémù mu.

Lẹ́yìn náà kí wọ́n tan án. Pákó tìrẹ ni kí o gbé dání lọ. Arère ni wọ́n máa ń fi dán an wò fún oníbàárà, arère sì rọ̀ bíi búrẹ́dì, ọ̀bẹ ìdáná gan-an lè gé e. Mú ìrókò gbígbẹ lọ, èyí tó gùn tó ọ. Là á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí o wọn fífẹ̀ rẹ̀ lórí àti ní ìdí. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, tí ọwọ́ rẹ kò sì yẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún kí o máa lọ sílé.

Èyí tí o yá yẹn ńkọ́? O ní ó ń rú èéfín, ó ń jó ẹ̀gbẹ́ pákó dúdú, ó sì ń kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó yá ọ sì ní kí o bá òun ra ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i. Má ra ohunkóhun o! Eyín ayùn ni kí o kọ́kọ́ wò. Bí oje igi bá ti gbẹ mọ́ ọn, yóò máa ha pákó ni, kò ní gé e. Tú u kúrò, rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí o wá fi fáìlì pọ́n eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣì ń jó pákó, wo irin gígùn tí pákó ń fara tì bó ti ń lọ. Mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, fi wọn àlàfo tó wà láàárín irin yẹn àti ayùn níwájú, kí o fi igi kan náà wọn ọ́n lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá fún ju iwájú lọ, pákó ń há ni, èéfín kò sì ní tán láéláé. Wo pákó rẹ náà. Èyí tí mò ń rà létí omi ní Iwofe, orí omi ló gbà wá, inú rẹ̀ tutù fún ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá kánjú là á, ńṣe ni ẹ̀rọ máa ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń sáré ṣùgbọ́n ayùn ń fà, bẹ́líìtì ló ti dẹ̀. Sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ kí o fi sípánà di bóòlùtì rẹ̀ le. Má ṣe bíi tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ mọ́ra, bẹ́líìtì mi ń han, mo bá rò ó pé bí a ti ń fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn náà ni, mo bu epo pupa, mo fi kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Híhan dáwọ́ dúró lóòótọ́. Ayùn náà dáwọ́ dúró. Epo gbóná, ó ń ta sí gbogbo ara ògiri, àwọn obìnrin àdúgbò sì ń béèrè ẹni tó ń dín àkàrà tí kò tà fún wọn.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin ni, n kò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Wá irin pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lẹ́yìn ayùn, tí kì í jẹ́ kí pákó tí a ti là padé mọ́ ayùn lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti tú u dànù lára àlòkù nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ òmíràn kí o tó gé pákó kan ṣoṣo. Bí pákó bá fi lè fún ayùn mọ́ra, ayùn yóò jù ú padà sọ́dọ̀ rẹ, o kò sì ní rí i kó tó bà ọ́. Má dúró sí ẹ̀yìn pákó gan-an, dúró sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ku díẹ̀ kó tán, fi igi tì í, má fi ọwọ́ tì í. Má wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, bọ́ aago ọwọ́ rẹ. Bó bá há, pa ẹ̀rọ kí o tó fọwọ́ kàn án, ìbáà jẹ́ pé ó ti kú fúnra rẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí o, Àjàní. Mo ti ń yí i ká láti àárọ̀.

O mọ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nílé wa. O ti gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó, o ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n á ní bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ayùn òyìnbó nígbà tí bàbá ìyá rẹ wọlé, pé ọmọlúàbí ni bàbá rẹ, kò lè wo ojú àgbà lórí ìdúró, ó dọ̀bálẹ̀, ayùn gba ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ké. Wọ́n á ní àgbà náà wò ó, ó ní irú ọmọ báyìí ni òun ń wá fún ọmọbìnrin òun. Wọ́n á wá pàtẹ́wọ́, wọ́n á pè mí ní Afìkakána, ẹni tó fi ìka kí àna rẹ̀. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì gbé ọwọ́ òsì sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Lójú rẹ ni mo ti ń ṣe é, títí o fi dàgbà.

Irọ́ tó pọ̀ ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì jẹ́ kó dúró.

Mo ti rí bàbá ìyá rẹ kí wọ́n tó rí mi. Ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan létí omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo sì ti ń bẹ bàbá ìyá rẹ fún ohun tó lé ní ọdún kan pé kí wọ́n fún mi ní ọmọ wọn. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ní àwọn kò mọ irú iṣẹ́ tí káfíńtà ń ṣe tó lè bọ́ aya. Lọ́jọ́ náà, mo rí agboòrùn wọn lókèèrè. Iṣẹ́ mi ti parí, mo fẹ́ pa ẹ̀rọ. Ńṣe ni mo tún lọ mú pákó kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n là, mo gbé e lé orí ayùn, kí wọ́n lè bá mi níbẹ̀, kí wọ́n rí i pé mo ń darí ohun tó ń ké tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ṣe fújà. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, “O kú iṣẹ́ o, àna mi.”

Àna mi! Wọn kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. “Ọ̀gbẹ́ni káfíńtà” ni wọ́n máa ń pè mí, bí inú wọn bá dùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gba gbogbo ara mi. Irin tí a fi ń pa ẹ̀rọ wà lára ògiri lódìkejì, ó gba kí n rìn yípo tábìlì kí n tó dé ìdí rẹ̀, mo sì rò pé bí mo bá ń rìn yípo lọ, wọ́n á rò pé n kò gbọ́, tàbí pé mo gbọ́ mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ìwọ mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tí wọ́n kí lẹ́nu iṣẹ́ tí kò dáhùn, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ní “Ọ̀ọ́, ẹ ṣé, sà,” mo bá ń tẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ òsì mi sì ṣì wà lórí pákó. N kò kọ́kọ́ mọ ìrora kankan. Ìró ẹ̀rọ ni mo gbọ́ tó yí padà díẹ̀, bó ṣe máa ń yí padà bó bá kan kókó igi.

Ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín. Ṣé wọ́n sọ ìyókù fún ọ? Wọn kò sọ pé mo ké, mo sì ké gan-an. Wọn kò sọ pé fún ọdún méjì n kò lè di ìṣó mú kí n fi òòlù gbá a. Lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n gbé ọ fún mi, ẹ̀rù bà mí pé n ó jù ọ́ sílẹ̀, mo sì ní kí wọ́n gbà ọ́ lọ́wọ́ mi pé mo fẹ́ lọ wo àlejò. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ. Títí di òní, bí ọyẹ́ bá ti mú, ìka tí kò sí níbẹ̀ mọ́ máa ń dùn mí.

Bàbá ìyá rẹ ńkọ́? Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa irú ọmọ tí wọ́n ń wá. Wọ́n tú ìró tuntun tó wà léjìká wọn, wọ́n fi di ọwọ́ mi, wọ́n sì ń sunkún. Wọ́n fún mi ní ìyá rẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bóyá nítorí ìwà mi ni tàbí nítorí ẹ̀rí ọkàn wọn, n kò sì béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, wọn kò kí mi lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wo ilẹ̀ títí n ó fi pa ẹ̀rọ. Bí àwọn ènìyàn bá ń pè mí ní Afìkakána, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, àwọn nìkan ni wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀.

Mo nà ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré nítorí pé o kò kí àgbà. Mo nà ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, n kò kábàámọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ ibi tó parí sí fún ọ, nítorí pé orúkọ yẹn dùn mọ́ mi létí. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.

Nítorí náà, gbọ́ bí o ó ṣe yan ẹ̀rọ rẹ. Bí gbogbo ohun tí mo kọ sókè bá dára lára àlòkù yẹn, dúró sí ibi tí ẹni tó ń la pákó máa ń dúró sí, kí o wò ó bóyá ọwọ́ rẹ lè pa á láìgbé ẹsẹ̀ kan. O ní ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń pa á. Kò burú, má torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Wá mẹkáníìkì alùpùpù, ní kó bá ọ fa wáyà láti ìdí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì wá sí iwájú, kó fi bọ́tìnì tí yóò máa pa á sí i ní ìbámu pẹ̀lú itan rẹ. Iṣẹ́ kékeré ni fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tèmi. Bí kò bá ṣeé ṣe, má rà á, bó ti wù kó dára tó.

Gbé nǹkan kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Gèlè pupa ìyá rẹ tó ti gbó ni èmi ń lò. Bó bá ti wà níta, àwọn ará ibí ti mọ̀ pé mo wà lórí ẹ̀rọ. Ìgbà kan tí àlejò kan fẹ́ pè mí, mo gbọ́ lẹ́yìn tí mo pa ẹ̀rọ pé Wobo dì í mú láṣọ: “No greet am o! You no see Madam scarf? Wait make the thing die finish.” Lọ bá bàbá onílé yín nílé, lọ́wọ́ òfìfo, kí o dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí o ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n bá rí aṣọ náà, kí wọ́n má bínú, o ń bọ̀ wá kí wọn. Àgbà tí kò bá gbà, jẹ́ kó bínú. N ó wá bẹ̀ ẹ́ fún ọ.

Má kọ Afìkakána sára pátákó rẹ. Orúkọ tìrẹ ni kí o kọ. Ó ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ orúkọ yẹn, n kò fẹ́ kí ó di ogún.

Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, n ó wá sí Ìkirun wá wo ìyá rẹ, n ó sì wá wo iṣẹ́ rẹ. Bó bá jẹ́ pé orí ẹ̀rọ ni mo bá ọ, n kò ní sọ̀rọ̀. N ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, n ó sì máa wo ilẹ̀. Bí o bá tajú kán rí mi, má dá mi lóhùn, má rẹ́rìn-ín sí mi, má bẹ̀rẹ̀. La pákó rẹ tán. Pa ẹ̀rọ. Jẹ́ kí ayùn náà dúró jẹ́ẹ́ kí o má gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kí o wá dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí o tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi, kí n kà wọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ,
oníka mẹ́jọ.